Wọ́n Ti Ṣe Root Canal Sí Eyín Mi, Ó Tún Ń Ro Mí: Ìbéèrè Yín Àti Ìdáhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti kọ̀wé lórí akokoro níjelòó ni ẹ ti ń rọ̀jò lẹ́tà root canal lé mi lórí, ó sì jọ pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni: ṣé ó máa pẹ́ lẹ́nu àbí owó á kàn wọgbó? Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, èyí tó gùn jù mo ti gé e kúrú, mi ò sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n: eyín kì í ṣe òkúta látòkè délẹ̀ o. Ẹran rírọ̀ kan wà láàárín ẹ̀, tó ní iṣan, tó ní ẹ̀jẹ̀, inú ihò tóóró ló sì gbà sọ̀ kalẹ̀ títí dé ṣóńṣó gbòǹgbò. Bí akokoro bá jẹ eyín débẹ̀, tàbí eyín kán, kòkòrò á wọlé, ẹran yẹn á kú, á jẹrà síbẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa ń rí ẹni tí ò lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìrọ̀rí lóru. Root canal ni pé kí dókítà dá ihò sórí eyín, kó kó ẹran òkú náà kúrò, kó fi irin tín-ín-rín ha ògiri ihò yẹn, kó fi oògùn fọ̀ ọ́, kó nù ún gbẹ, kó wá dí i pa. Eyín yẹn ò ní iṣan nínú mọ́, àmọ́ ó ṣì wà lẹ́nu, ó ṣì ń jẹun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe root canal sí eyín mi kan lẹ́yìn nísàlẹ̀, ìrora ọ̀hún sì lọ pátápátá. Wọ́n ní kí n padà wá fi crown tó máa bo orí ẹ̀ sí i, mo ní mò ń bọ̀, nígbà tí ò dùn mí mọ́ mo gbàgbé ẹ̀. Oṣù tó kọjá mo ń jẹun lọ́wọ́, mo kàn gbọ́ kò! ègé kan já lára eyín yẹn, látìgbà náà tí mo bá fi gé nǹkan á ta mí, ẹran ìdí ẹ̀ náà sì wú. Ará ilé mi ní mo fowó ṣòfò, pé root canal kì í pẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Èmi ò tíì rí ẹnu yín, nítorí náà mi ò lè dá ẹjọ́ yìí tán, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ròyìn ẹ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé root canal yẹn gan-an ò jẹ yín ní gbèsè kankan. Orí eyín ló fọ́. Ilé yẹn parí nínú, òrùlé lẹ ò kàn. Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀pọ̀ ni yín.

Ẹ rò ó wò. Kí eyín tó dé ibi tí wọ́n ń ṣe root canal sí i, akokoro ti jẹ púpọ̀ lára ẹ̀, bóyá fílíǹgì ńlá kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, dókítà tún wá dá ihò sórí ẹ̀ kó lè rọ́nà wọlé. Ohun tó kù ò ju ògiri tín-ín-rín tó yí ihò kan ká, eyín ẹ̀yìn ló sì ń gba gbogbo agbára tí ẹ fi ń rún oúnjẹ, bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ni ògiri yẹn ń ya díẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ọjọ́ tó máa fi ké kò. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé eyín tí ò ní iṣan mọ́ máa ń gbẹ bí igi ìdáná, pé ìdí nìyẹn tó fi ń kán. Èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Gbígbẹ yẹn ò tó nǹkan, ara eyín tó ti pòórá ni ọ̀ràn wà. Crown, tí mo máa ń pè ní fìlà eyín, ló ń gbá ògiri wọ̀nyẹn jọ bí irin ṣe ń gbá pákó àgbá jọ kó má baà tú, kó tó lè dì í mú dáadáa ni a ṣe máa ń fẹ́ kí ojúlówó ara eyín tó bíi milimítà 2 ṣì yọ lókè ẹran ìdí eyín yípo. Ẹni tó bá pẹ́ títí eyín fi fọ́ dé abẹ́ ẹran, a ò rí ibi dé fìlà lé mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ará ilé yín pé kì í pẹ́: lọ́dún 2004 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, eyín 1,462,936 ni wọ́n tọpa ẹ̀ fún ọdún 8 nínú ìwé àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ ìbánigbófò, eyín tí wọ́n ti ṣe root canal sí ni gbogbo ẹ̀. 97 nínú 100 ló ṣì wà lẹ́nu oníǹkan. Ìwọ̀nba tí wọ́n yọ wá ńkọ́? Nǹkan bíi 85 nínú 100 wọn ni ò ní crown tó bo orí ẹ̀ tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka òǹkà yẹn mo padà kà á lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wíwà lẹ́nu àti kí ara ẹ̀ dá pátápátá kì í ṣe ohun kan náà, àmọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rù kí eyín òun má ṣe jábọ́, òǹkà gidi nìyẹn.

Kì í ṣe fífọ́ nìkan ni òrùlé wà fún o. Itọ́ wà níbẹ̀. Itọ́ tí ẹ ń gbé mì yìí kún fún kòkòrò, bí fílíǹgì orí eyín bá ti ní àlàfo tó kéré bí i irun, itọ́ á máa jò wọ inú iṣẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n ti dí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan inú ọ̀hún á tún dọ̀tí padà, ẹ ò sì ní mọ̀ torí kò sí iṣan tó máa sọ fún yín. Lọ́dún 1995 àwọn dókítà méjì yẹ X-ray eyín tó lé ní 1,000 wò, wọ́n ní bí wọ́n ṣe dí orí eyín ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe dí inú gbòǹgbò lọ. Àwọn míì tún un wò lẹ́yìn náà, wọ́n ní rárá, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dáa, èyí ni èmi náà gbà. Ẹni tó dí ìsàlẹ̀ tó ṣí òkè sílẹ̀, kí ló dí?

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí: ẹ má fi apá yẹn jẹun, ẹ lọ kí wọ́n ya X-ray ẹ̀. Bí ibi tó fọ́ bá mọ lókè, wọ́n lè tún inú ẹ̀ ṣe kí wọ́n sì dé e ní fìlà. Bí gbòǹgbò bá ti là látòkè lọ sísàlẹ̀, ká má tan ara wa, yíyọ ni, kò sí gọ́ọ̀mù tó ń mú ìyẹn. Eyín iwájú ni kì í fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan fún crown, bí ihò tí wọ́n dá bá kéré tí ìyókù sì pé, fílíǹgì tó dáa tó fún un.

Dókítà, eyín tí wọ́n ti ṣe root canal sí tún wú. Mo lo antibiotic ọlọ́jọ́ márùn-ún, ó rọ̀, oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó tún wú. Ṣé oògùn tó lágbára jù ú lọ wà?

Rárá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Oògùn tí ẹ bá gbé mì, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, inú eyín yẹn ò sì ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ débẹ̀? Èyí tó ti jáde sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni oògùn ń lé, ìyá wọn jókòó sínú ihò gbòǹgbò, ó tún ń bímọ. Àfi kí dókítà ṣí eyín náà kó fọ inú ẹ̀ tàbí kó yọ ọ́. Antibiotic ní àsìkò tiẹ̀: bí ibà bá dé, bí wíwú bá ń ràn lọ sójú tàbí sọ́rùn. Bí kò bá wá ṣeé gbé itọ́ mì tàbí tí mímí ń nira, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Wọ́n ṣe root canal sí eyín mi kan lókè lẹ́yìn, wọ́n fi crown sí i, gbogbo ẹ̀ pé. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí ní rírọ́rọ́, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà míì, ó ya scan, ó ní ihò mẹ́rin ló wà nínú eyín yẹn, pé mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́ rí. Ṣé ẹni yẹn fi mí ṣeré ni? Báwo lèèyàn ṣe ń gbàgbé ihò nínú eyín?

Àbúrò mi, mo gbọ́ ohùn ìbínú ẹ. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀.

Eyín tí o ń sọ yẹn, ìkíní nínú àwọn eyín ńlá òkè, òun ló ń dójú ti wa jù nínú iṣẹ́ yìí. Gbòǹgbò mẹ́ta ló ní, ẹni tó bá sì ka gbòǹgbò máa rò pé ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Gbòǹgbò iwájú tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń ní ihò kejì nínú ju ìdajì irú eyín bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń tín-ín-rín, eyín fúnra ẹ̀ á tún ti hù bò ó lórí, tí kò fi ní sí nǹkan kan tí ojú lásán lè rí. X-ray lásán kì í sì í ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ń tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra wọn bí òjìji ni, ihò kan á fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Ẹni tó ní microscope tó sì ní sùúrù ló ń rí i, tàbí scan CBCT tó ń ya eyín yípo, irú èyí tí dókítà kejì yà fún ẹ. Nítorí náà mi ò ní sọ pé ẹni àkọ́kọ́ fi ẹ́ ṣeré. Mi ò sì ní sọ pé kò lẹ́bi, torí ẹni tó mọ̀ pé ihò kẹrin máa ń wà níbẹ̀ yẹ kó wá a kó tó pa ilẹ̀kùn dé.

Kí ló dé tí ihò kan ṣoṣo fi ń ba iṣẹ́ jẹ́? Jẹ́ n sọ ìtàn eku kan fún ẹ. Lọ́dún 1965 àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà mú eku tí wọ́n tọ́ níbi tí kòkòrò kankan ò sí, wọ́n mú eku lásán náà, wọ́n lu eyín àwọn méjèèjì débi ẹran inú, wọ́n sì fi sílẹ̀ gbayawu. Ti eku lásán, ẹran inú eyín wọn kú, ó sì gbọyún. Ti eku tí ò ní kòkòrò, oúnjẹ há sínú ihò eyín wọn, síbẹ̀ ẹran náà ò kú, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà láti bo ojú ihò. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti tán: kòkòrò ni ọ̀tá, ihò kì í ṣe ọ̀tá. Ihò tí a ò fọwọ́ kàn nínú eyín ẹ yẹn, ilé ọ̀fẹ́ la kọ́ fún kòkòrò.

Nígbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀, jẹ́ kí n kúkú sọ àwọn nǹkan míì tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe é tó sì máa pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó. Gígùn ibi tí wọ́n dí i dé wà níbẹ̀. Lórí X-ray, ó yẹ kí ohun tí wọ́n fi dí i, gutta-percha, oje igi kan tó dà bíi rọ́bà, dé ibi tí kò ju milimítà 2 sí ṣóńṣó gbòǹgbò, kó má sì sí àlàfo nínú ẹ̀. Bó bá kúrú, a fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nísàlẹ̀, bó bá gùn jù, a ti tì í bọ́ sínú egungun. Fífọ̀ náà wà níbẹ̀, èmi gan-an á ní òun ló jù. Irin tí a fi ń ha inú ihò kì í fọwọ́ kan gbogbo ògiri ẹ̀, apá tó pọ̀ wà tí irin ò dé, oògùn omi ló ń débẹ̀, hypochlorite la sì ń lò, ẹbí bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń pẹ́ lórí ẹ, á fọ̀, á tún fọ̀, ìwọ á máa wo aago.

Rọ́bà sì wà. Rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ta bo ẹnu, tí eyín kan ṣoṣo á yọ jáde lójú ẹ̀ bí ẹni yọjú lójú fèrèsé. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Sanford Barnum, ló gbé e dé lọ́dún 1864, láti ìgbà náà aláìsàn ò tíì yéé kùn sí i pé ó ń fún àwọn lẹ́nu. Òun ni kì í jẹ́ kí itọ́ kán sínú ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kì í sì í jẹ́ kí irin kékeré tàbí bílíìṣì yẹn já bọ́ sọ́fun ẹ. Bí o bá jókòó tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìta rọ́bà, béèrè. Kì í ṣe àfojúdi.

Eyín tìẹ, tí gbòǹgbò ẹ̀ ò bá tíì là, wọ́n lè gba inú crown wọlé tàbí kí wọ́n ṣí i kúrò, kí wọ́n wá ihò kẹrin yẹn, kí wọ́n fọ gbogbo ẹ̀ tuntun. Wá ẹni tó jẹ́ pé root canal nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wú ohun tí ẹlòmíì rì mọ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ohun tó fà á bá hàn kedere báyìí, ó sàn ju kí a máa wá a kiri lọ.

Ọmọ mi dókítà, ó di ọdún kan àti oṣù méjì tí wọ́n ti ṣe root canal sí eyín iwájú mi kan. Kí wọ́n tó ṣe é, X-ray fi àmì dúdú kan hàn lábẹ́ gbòǹgbò. Wọ́n tún yà á lóṣù tó kọjá, àmì ọ̀hún ti kéré sí tàtẹ̀yìnwá ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Kò dùn mí rárá. Ọmọkùnrin mi ní kí wọ́n yọ eyín náà kí wàhálà tán. — Bàbá Àgbà

Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọmọ yín, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kó ní sùúrù díẹ̀.

Àmì dúdú yẹn, ibi tí egungun ti jẹ lọ ni, nítorí ìdọ̀tí tó ń jò jáde látinú gbòǹgbò. Egungun ò sì mọ ìkánjú. Ohun tí èmi gbọ́ nínú lẹ́tà yín ni pé ó ń kéré sí i, ìyẹn ni pé ó ń san. Ìlànà tí European Society of Endodontology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà root canal ní Yúróòpù, gbé jáde lọ́dún 2006 ní kí a ya X-ray ó kéré tán lẹ́yìn ọdún kan, bí kò bá tíì tán, kí a máa wò ó títí di ọdún 4 kí a tó lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ò tíì lo ìdajì. Nígbà míì egungun á san tán, àpá á kù síbẹ̀ tó máa dúdú díẹ̀ lórí X-ray títí ayé, bí ojú egbò ṣe ń fi àpá sílẹ̀ lára.

Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, àmì dúdú tó ti wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ máa ń dín àǹfààní eyín kù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tó jáde lọ́dún 1990, tọpa eyín fún ọdún 8 sí 10. Èyí tí kò ní àmì dúdú níbẹ̀rẹ̀, ó lé ní 96 nínú 100 tó dá ṣáká. Èyí tó ní i bí i tiyín, 86. Èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, tó bàjẹ́, tó ti ní àmì dúdú kí wọ́n tó tún un ṣe, 62. Ẹ rí i pé iye ọjọ́ tí kòkòrò ti lò nínú ilé kí a tó kan ilẹ̀kùn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ti wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ògiri eyín lọ. Ẹ̀yin tí eyín ń ro tí ẹ ń lo oògùn apẹ̀rọra láti oṣù dé oṣù, òǹkà yìí kàn yín o.

Bàbá, ẹ padà lọ ya òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá ń tóbi sí i, tàbí tó wú, tàbí tí ọyún ń jáde, yíyọ kọ́ ló kàn: wọ́n lè tún inú ẹ̀ fọ̀, wọ́n sì lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí wọ́n la ẹran, kí wọ́n gé bíi milimítà 3 kúrò ní ṣóńṣó gbòǹgbò, kí wọ́n sì dí i látibẹ̀. Ó ń bani lẹ́rù létí ju bó ṣe rí lọ.

Mo ní àtọ̀gbẹ, mo sì ń mu sìgá díẹ̀díẹ̀. Ṣé root canal lè dúró lẹ́nu mi?

Ó lè dúró. Àtọ̀gbẹ tí wọn ò kápá ẹ̀ máa ń fa ìwòsàn egungun sẹ́yìn, pàápàá bí àmì dúdú bá ti wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ṣúgà ara yín wà níbi tó yẹ, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà eyín kó tó fọwọ́ kan yín, ẹ má fi pamọ́. Sìgá ní tiẹ̀, ohun tó dá mi lójú jù ni pé ó ń ba ẹran ìdí eyín àti egungun tó di eyín mú jẹ́. Mo ti rí eyín tí inú gbòǹgbò ẹ̀ mọ́ tónítóní tó mì dègbèdègbè tó sì bọ́ torí pé ilẹ̀ tó dúró lé ti lọ. “Díẹ̀díẹ̀” tí ẹ kọ yẹn, igi mélòó ni lójúmọ́? Ẹ má dá mi lóhùn, dókítà yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún.

Dókítà mi fẹ́ ṣe é tán ní ìjókòó kan, ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe tòun. Èwo ló ń pẹ́ jù?

Kò sí èyí tó ju èkejì lọ ní ti pípẹ́, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí ihò bá ṣì ń jo ọyún tàbí omi lọ́wọ́, èmi máa ń pín in sí méjì. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fi fílíǹgì onígbà díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kó má lọ fi í ṣe ọdún o. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni agbára nǹkan yẹn mọ.

Ẹ ṣé Dókítà. Mo wo fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní eyín tí wọ́n ṣe root canal sí máa ń fa jẹjẹrẹ, pé òkú ni, òkú ò sì yẹ kó wà lára alààyè. Mo ní méjì lẹ́nu, mi ò sùn lóru yẹn.

Ẹ lọ sùn, jàre.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti dàgbà ju ẹ̀yin àtèmi lọ. Dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, Weston Price, ló gbé e lárugẹ jù níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Á mú eyín tí wọ́n yọ lẹ́nu aláìsàn, á fi sábẹ́ awọ ehoro, ehoro á ṣàìsàn, á ní eyín ló fà á. Nígbà tí àwọn míì tún un ṣe pẹ̀lú ìmọ́tótó tó péye, àbájáde ẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yọ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ eyín dáadáa dànù lẹ́nu àwọn èèyàn tí eyín ò ṣe ní nǹkan kan. Kò sí ìwádìí tó ti fi hàn pé root canal ń fa jẹjẹrẹ. Eyín yẹn kì í sì í ṣe òkú tán o, inú ẹ̀ nìkan ni ò ní iṣan, ìta gbòǹgbò ẹ̀ ṣì so mọ́ egungun yín pẹ̀lú okùn tó wà láàyè, ìdí nìyẹn tí ẹ ṣì fi ń mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá fi gé nǹkan líle. Èyí tó yẹ kó gba oorun lójú èèyàn ni eyín jíjẹrà tó ń gbọyún tí ẹni náà ò lọ wò.

Ìbéèrè mi kéré: ẹ̀yin dókítà náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ṣe root canal fún yín rí, àbí àwa nìkan lẹ̀ ń ṣe é fún?

Hàà, ẹ ti mú mi. Ọ̀kan wà lẹ́nu mi, lókè lápá ọ̀tún, ó ti di ọdún 11. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe ilé ìwé ló ṣe é, ó ta rọ́bà, ó wá ihò kẹrin, ó rí i, iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ bí ojú àwo. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì fún crown. Èmi tí mo ń pariwo mọ́ Ìyá Ìbejì lókè yìí, mo ní iṣẹ́ pọ̀, aláìsàn pọ̀, ọ̀la, ọ̀túnla, títí ó fi di ọ̀sẹ̀ keje tí fílíǹgì onígbà díẹ̀ yẹn bọ́ sínú oúnjẹ mo sì gbé e mì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀ itọ́ ti ṣe tiẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí, ó tún ta rọ́bà, ó tú gbogbo ẹ̀, ó fọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dí i, kò sì jẹ́ kí n kúrò lórí àga kó tó wọn eyín mi fún crown. Títí di òní, bí mo bá lọ fún X-ray, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé ṣé mo ti jẹun.